Ohùn Wà Lọ́jà, Orúkọ Kò Sí Nínú Ìwé: Ìtàn Àwọn Obìnrin Olórin Adádúró ní Nàìjíríà àti Ẹ̀kọ́ Tí Ọjà Ekiosa Lè Kọ́ Wa

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn orin ìgbàlódé ilẹ̀ Nàìjíríà, orúkọ ọkùnrin ni ó máa ń pọ̀ jù níbẹ̀: Bobby Benson, Victor Ọláìyá, I. K. Dáíró, Haruna Ìṣọ̀lá, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, Ebenezer Obey, Sunny Adé. Ní ìlú Benin, orúkọ Victor Uwaifo ni ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin rẹ̀, "Joromi", gba àwo wúrà fún un ní 1966. A kò wá láti bu ẹnikẹ́ni kù nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ béèrè ni pé, àwọn obìnrin tó kọrin ní ìgbà kan náà ńkọ́? Kí ló dé tí orúkọ wọn fi di ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lónìí pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ "ṣàwárí"?

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sọnù rí. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra rẹ́kọ́ọ̀dù wọn mọ̀ wọ́n. Ẹni tó jó sí orin wọn níbi ìkómọ àti ìsìnkú arúgbó kò gbàgbé wọn. Ohun tó sọnù ni àkọsílẹ̀: ìwé àdéhùn, orúkọ ẹni tó hun orin, àti owó tó yẹ kó wọlé fún un. Ìdí nìyí tí a fi gbé ojú lé ọjà, pàápàá jù lọ Ọjà Ekiosa ní ìlú Benin, gẹ́gẹ́ bí ibi tí irú ìwádìí yìí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Olórin adádúró ni a ó máa pe obìnrin tó ń kọrin ní orúkọ ara rẹ̀, tó ń hun orin fúnra rẹ̀ tàbí tó ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe agberin lẹ́yìn ọkùnrin. A mọ̀ pé adádúró lórí ìtàgé lè má dádúró nínú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ọjà gẹ́gẹ́ bí ilé ìpamọ́ ìrántí

Ní èdè Ẹ̀dó, "eki" ni ọjà, "iye" sì ni ìyá. Olórí àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń pè ní Iyeki, bí Yorùbá ṣe ń pe tiwọn ní Ìyálọ́jà. Èdè méjèèjì fẹnu kò sí i pé ìyá ló ni ọjà. Ní irú ọjà bí Ekiosa, obìnrin ló ń dá iye lé ọjà, òun ló ń dá èsúsú, òun ló ń parí ìjà àwọn ọlọ́jà. Òun náà ló ń ṣe ìnáwó nígbà tí ọmọ bá ń gbéyàwó tàbí tí òbí bá papò dà, ẹni tó bá sì ń ṣe ìnáwó ló ń pe olórin. Nítorí náà, ọlọ́jà kì í ṣe olùgbọ́ lásán nínú ìtàn orin wa. Oníbàárà ni, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé olórin ró.

Ìyá ọlọ́jà tó ti pé ẹni 70 ọdún lónìí jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń tà bí iṣu ọdún tuntun. Ó mọ orin tó gbòde nígbà náà àti ẹni tó kọ ọ́. Ó sì lè sọ ọ́ ní èdè Ẹ̀dó, Esan, Yorùbá, Ìgbò, Urhobo tàbí Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì, nítorí pé èdè tí oníbàárà bá gbọ́ ni ọlọ́jà ń sọ.

Ojú ọ̀nà tí Ekiosa wà pàápàá ní ẹ̀kọ́ fún wa. Òpópónà Murtala Mohammed ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 13, oṣù Èrèlé, ọdún 1976 ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Ní ọdún kan náà ni ọmọdébìnrin kan láti agbègbè Ẹ̀pẹ́, Salawa Àbẹ̀ní, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Leader Records. Àkọlé rẹ̀ ni Late General Murtala Ramat Mohammed. Orúkọ olóògbé náà wà lára pátákó títì káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì rántí pé lẹ́nu ọmọdébìnrin yìí ni àwọn ti gbọ́ ìdárò rẹ̀. Ìjọba kọ orúkọ akọni sára títì. Obìnrin olórin kọ ọ́ sí ọkàn àwọn ènìyàn. Èyí àkọ́kọ́ ní àkọsílẹ̀, èkejì kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu

Bí a bá fẹ́ rí bí olórin ṣe ń bọ́ sínú òkùnkùn tí ojú gbogbo ayé sì ń là sí i, ìtàn àwọn ìbejì Lijadu ló yé ni jù. Ìlú Jos ni a bí Táíwò àti Kẹ́hìndé sí, ní ọjọ́ 22, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1948. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n. Iṣẹ́ agberin fún àwọn olórin mìíràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Láàárín 1976 sí 1979, wọ́n gbé àwo orin mẹ́rin jáde lábẹ́ Afrodisia, tí í ṣe àmì ilé-iṣẹ́ Decca ní Nàìjíríà: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, ògbóǹtarìgì tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò lò, ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Àwọn ìbejì yìí ló ń hun orin wọn. Wọ́n kọrin ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú "Cashing In", wọ́n bá àwọn tó ń fi ìyà ìlú kó owó jọ wí. Nínú "Amebo", wọ́n mú ọ̀rọ̀ olófòófó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nígbà náà, wọ́n sọ ọ́ di orin ijó. Nínú "Orere Elejigbo", wọ́n padà sí ìdí àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa lálẹ́. Ní 1979, Jeremy Marre, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya fíìmù kan tó pè ní Konkombe lórí orin Nàìjíríà, ó sì fi àwọn ìbejì yìí hàn nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n fara pamọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Shanachie ti gbé àwo wọn Double Trouble jáde ní 1984. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn pa, orin sì dákẹ́. Ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Knitting Factory tó wà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn àwo náà tẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí ní 1976 bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwọn rí ohun tuntun. Ní 2014, àwọn ìbejì náà tún gun orí ìtàgé pẹ̀lú àwọn tó ń kọ orin William Onyeabor káàkiri. Kẹ́hìndé kú ní ọjọ́ 9, oṣù Bélú, ọdún 2019. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Numero Group tún mú Horizon Unlimited jáde. Táíwò nìkan ló kù láti gbọ́ ìyìn.

Wákà, jùjú àti àṣíkò

A kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó kọrin bí òyìnbó nìkan nìyí. Bátílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú wákà kúrò ní orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí níbi ayẹyẹ, tó sì sọ ọ́ di ohun tí à ń rà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀nà tí ó là ni Salawa Àbẹ̀ní tọ̀. Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi Salawa jẹ Ọbabìnrin Wákà. Queen Ọládùnní Decency darí ẹgbẹ́ jùjú tirẹ̀, ó sì ń ta gìtá fúnra rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ ọkùnrin ni a fi ń mú gìtá. Comfort Ọmọgé gbé àṣíkò àwọn Ìkálẹ̀ dé etí àwọn tí kò dé Òkìtìpupa rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo oyè tí à ń fún wọn: Queen, Lady, Madam, Princess. Iyì ni oyè wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ya obìnrin sọ́tọ̀. Ọbabìnrin Wákà ń jọba lórí wákà. Àwọn tó ń to ìtàn orin Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ a sì fi í sí orí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún "àwọn obìnrin", kí wọ́n tó padà sí ìtàn tí wọ́n kà sí ìtàn gan-an.

Láti Bendel dé òkè òkun

Títí di ọdún 1991, ìlú Benin ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Bendel, tó kó Ẹ̀dó àti Delta pọ̀. Láti inú Ìpínlẹ̀ yẹn ni Evi-Edna Ogholi ti jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, tó fi èdè Isoko kọ rẹ́gẹ̀, tí àwọn tí kò gbọ́ Isoko rárá sì ń jó sí i. Ní Afẹnmai, àríwá Ẹ̀dó, Alhaji Waziri Oshomah ni ayé ń yìn lónìí, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà gbé àkójọ orin rẹ̀ jáde ní 2022. Olórin ni ìyàwó rẹ̀ náà, Hassanah Waziri, kò sì yẹ kí ìtàn rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn orúkọ ọkọ.

Nelly Uchendu fi "Love Nwantiti" mú etí gbogbo ènìyàn ní àwọn ọdún 1970. Christy Essien-Igbokwe kì í ṣe ọmọ Yorùbá, Akwa Ibom ni ó ti wá, síbẹ̀ "Ṣeun Rere" tó kọ ní 1981 wọ ilé Yorùbá débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọmọ ilé àwọn ni. Onyeka Onwenu, tó kú ní oṣù Agẹmọ 2024, jẹ́ akọ̀ròyìn àti olórin pọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí gbajúmọ̀, síbẹ̀ ìwé tó jinlẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò tó nǹkan tí a bá fi wé ti Fẹlá nìkan. Nítorí náà, òkìkí nìkan kò tó láti gba orúkọ là.

Ohun tó fà á

Ìdí kìíní ni ohun èlò. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ẹni tó ní gìtá, ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọkọ̀ ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Òun ló ń san owó ọmọ ẹgbẹ́, òun ló ń gba òde. Ó ṣòro fún obìnrin láti rí owó ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nípa báyìí, bí ohùn rẹ̀ bá tilẹ̀ ni orin, ọkùnrin ló ni ilé tí orin ń gbé. Orílẹ̀-èdè Guinea fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní 1961, ìjọba ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin obìnrin sílẹ̀ láàárín àwọn agbófinró. Àwọn ni ayé mọ̀ sí Les Amazones de Guinée. Ìjọba ló ra ohun èlò, ìjọba ló san owó oṣù, ẹgbẹ́ náà sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí kejì ni àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń san owó sítúdíò, nítorí náà òun ló ń mú téèpù àkọ́kọ́ lọ. Olórin gba owó díẹ̀ lọ́wọ́, a sì ṣèlérí ìpín kékeré fún un lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Ta ni yóò ka iye tó tà? Ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé tàbí tó yí orúkọ padà, téèpù di ti ẹni tó ra ẹrù rẹ̀. Olórin wákà ṣì lè rí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí lóde àríyá. Ẹni tó ń kọ irú orin ti àwọn Lijadu kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ìdí kẹta ni òfin, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọjọ́ òní gbọ̀ngbọ̀n. Nínú òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan. Ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin ń bẹ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò ju ọdún 50 lọ. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo ohun tó jáde ní 1976, ọdún tí Danger àti rẹ́kọ́ọ̀dù Salawa àkọ́kọ́ jáde, ọdún 50 náà pé ní òpin 2026. Ọdún dé ọdún, àwọn àwo mìíràn láti ìgbà náà yóò máa tẹ̀ lé e. Nígbà náà, ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lè dì mú ni ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin. Ẹ̀tọ́ yẹn kò sì lè wúlò bí kò bá sí ẹni tó lè fi hàn pé òun ló hun ún. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ tàbí "orin ìbílẹ̀" sára rẹ́kọ́ọ̀dù dípò orúkọ obìnrin tó kọ ọ́, ẹ̀rí ti bọ́. Orúkọ tí a kò kọ sílẹ̀ di oúnjẹ tí a kò jẹ.

Ta ló ṣàwárí ta?

Brian Shimkovitz, ọmọ Amẹ́ríkà, kó kásẹ́ẹ̀tì jọ lọ́jà àti lẹ́bàá títì ní Ghana. Láti 2006 ló ti ń fi wọ́n han ayé, nígbà tó sì dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní 2011, àwo obìnrin kan láti Mali, Nahawa Doumbia, ni ó kọ́kọ́ gbé jáde. A yìn ín. A yìn àwọn tó tún iṣẹ́ àwọn Lijadu tẹ̀ jáde pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ọjà ni kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn wà kí àlejò tó dé, ẹni tó ń tà á mọ ohun tó ń tà. Èkejì ni pé ohun tó bá dùn létí ẹni tó ń wá nǹkan ló ń mú. Orin tó ní gìtá iná àti èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa tètè wù ú; wákà tó kún fún oríkì àti òwe kì í tètè wọ̀ ọ́ létí. Bí a bá fi gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè, Lijadu yóò là, Bátílì Àlàkẹ́ yóò sì tún rì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tí a lè ṣe

Àwa olùkọ́ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ní ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kò ní: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè, tí ìyá tàbí ìyá àgbà wọn sì wà lọ́jà. A dábàá pé kí ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọjà kan. Ní ìlú Benin, kí wọ́n fi Ekiosa bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kí Iyeki kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé a kì í wọ ọjà ọlọ́jà láìkí ìyá ọjà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Ẹ̀dó bá àwọn tó ń sọ Ẹ̀dó sọ̀rọ̀, kí èyí tó gbọ́ Yorùbá bá àwọn Yorùbá ibẹ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n má ṣe lọ ní àkókò tí ọjà bá kún.

Kí ìbéèrè wọn rọrùn. Obìnrin olórin wo ni ẹ máa ń pè sí òde nígbà èwe yín? Èdè wo ló fi ń kọrin? Ta ló ń lùlù fún un? Orin wo ló kọ tí ẹ ṣì rántí, níbo ni ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nílé? Bí ó bá wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbé e lọ. Kí ó ya àwòrán páálí iwájú àti ẹ̀yìn, kí ó sì da gbogbo ohun tó wà lára ìwé róbótó àárín rẹ̀ kọ: orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà, ọdún, orúkọ olórin àti orúkọ ẹni tó hun orin. Bí orúkọ méjì ìkẹyìn yìí bá yàtọ̀ síra, kí ó béèrè ìdí. Kí wọ́n gbohùn ìyá náà sílẹ̀ bí ó bá yọ̀ǹda, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ̀dà kan sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún ìdánwò nìkan. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí tí ọmọ olórin yóò mú lọ bá agbẹjọ́rò.

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ ló bo àwọn obìnrin olórin adádúró mọ́lẹ̀. Ohun èlò tí kò sí lọ́wọ́ wọn, àdéhùn tí kò gbè wọ́n, àti orúkọ tí a kò kọ síbi tó yẹ ló fà á. A sì ti fi hàn pé àwọn tó lè dá orúkọ náà padà kò jìnnà sí wa. Wọ́n jókòó ti ẹ̀fọ́, gààrí àti ẹran ní Ekiosa, wọ́n sì ń dàgbà sí i lójoojúmọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń jẹrà nínú àpótí, àgbà ń papò dà, ọdún tí òfin dá sì ń pé lórí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí a bá dúró de ẹni tí yóò wá láti òkèèrè ṣàwárí àwọn ìyá wa fún wa, ohun tó bá wù ú ni yóò mú, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Kí ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ yìí sínú ètò ẹ̀kọ́ sáà tó ń bọ̀, kí orúkọ tó kù lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà lè wọ ìwé nígbà tí wọ́n ṣì wà láti sọ ọ́.